Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Rí Eré Àti Iṣẹ́ Ọnà Wò Nínú Ìlú Alábọ́dé

Ẹni tó ń gbé ìlú ńlá kì í wá eré kiri, eré ni í wá a wá. Bó bá jáde nílé, ìpolówó á ti kún ara ògiri, á kún ẹ̀yìn ọkọ̀, á sì tún kún fóònù rẹ̀. Ẹni tó ń gbé abúlé náà kì í wá a kiri, nítorí bí olórin kan bá wọ abúlé, àwọn ọmọdé kò ní í jẹ́ kí àgbà gbádùn títí wọn yóò fi lọ wò ó. Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ìlú alábọ́dé, èyí tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní 100,000 tàbí tó ń lọ sí ìdajì mílíọ̀nù, ní gbọ̀ngàn, ó ní òṣèré, ó ní oníjó, ó ní ayàwòrán. Síbẹ̀, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni pé, "Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbí."

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, òjò lé mi wọ abẹ́ òrùlé ilé kan tí mo máa ń kọjá lójoojúmọ́, tí mo rò pé ilé ìkẹ́rùsí ni. Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́ láti inú rẹ̀. Ìtàgé kékeré ni, àga bí ọgọ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣeré níbẹ̀ lálaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí n tó kó wá sí ìlú náà rárá. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀yìnkùlé mi ni abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé.

Kì í ṣe bí ìlú bá ṣe tóbi tó ni eré ibẹ̀ ń dùn tó. Stratford ní Kánádà kò ju ìlú kékeré lọ, nǹkan bí 30,000 ni èèyàn ibẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1953 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún eré lábẹ́ àgọ́ kan, àwọn ará ìlú ńlá ni wọ́n ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ lọ wòran. Avignon ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1947. Makhanda ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Grahamstown, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1974. Ní Bayreuth, ní Jámánì, ni Wagner, ẹni tó ń kọ ọ́pẹ́rà (eré tí wọ́n ń fi orin ṣe), ṣí ilé ọ́pẹ́rà tó kọ́ fún iṣẹ́ ara rẹ̀ sí ní 1876. Kò sí olú-ìlú orílẹ̀-èdè kankan nínú wọn. Ìlú tiyín lè má ní irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ojú yín kò tíì tó. Ẹni tó bá jókòó de ìpolówó nínú ìlú alábọ́dé, ìgbà tí eré bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni yóò tó gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa lọ wá a.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ni gbọ̀ngàn kọ́ ló ni eré

Gbọ̀ngàn ńlá àárín ìlú, èyí tó sábà máa ń gba èèyàn bí 1,500 sí 2,500, ilé tí wọ́n ń háyà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó gbé olórin wá láti òkèèrè ló san owó rẹ̀ fún alẹ́ kan, òun ló ń polówó, èrè tàbí àdánù ọ̀hún tirẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè wo ojú òpó gbọ̀ngàn náà láàárọ̀ kí ẹ má rí nǹkan, kó sì di ìrọ̀lẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín sọ pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Irú kejì ni ilé ìtàgé tó ní ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀. Àwọn yìí máa ń to eré odindi ọdún jọ, wọn a sì kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Àwọn ló rọrùn jù láti tẹ̀lé.

Irú kẹta kò nílé. Ẹgbẹ́ akọrin ni, àwọn akéwì ni, àwọn oníjó tó ń fi gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ dánra wò, aláwàdà tó ń ṣeré ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí. Àwọn ló pọ̀ jù, àwọn náà ló sì ṣòro rí jù.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Olórin tó ń rìnrìn àjò láti ìlú ńlá kan sí òmíràn kì í fẹ́ fi alẹ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta ṣòfò níbi tí èrò kò pọ̀ sí. Ìlú ńlá ló máa ń gbé ọjọ́ méjèèjì yẹn fún. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn lójoojúmọ́, bóyá ó ṣeré bóyá kò ṣe, nítorí náà á wá ìlú alábọ́dé tó wà lójú ọ̀nà, á sì ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń wo kàlẹ́ńdà òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, irú àwọn bẹ́ẹ̀ yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe kàlẹ́ńdà tiyín

Ẹ má wá ibi kan ṣoṣo tí gbogbo eré ìlú pé sí. Mo wá a títí, n kò rí i. Èyí tí ẹnì kan bá tiẹ̀ dá sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń ṣe é, ọjọ́ tó bá sì rẹ̀ ẹ́ ni ojú òpó náà kú.

Ẹ ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí fóònù yín, kí ẹ wá ìtàgé, gbọ̀ngàn orin, ilé àwòrán, mùsíọ́mù àti ibùdó àṣà lórí rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tó bá jáde sílẹ̀, bó ti wù kí ibẹ̀ kéré mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn tí àwòrán ilẹ̀ kì í pè ní ibi eré kún un. Ilé ìkàwé ńkọ́? Gbọ̀ngàn ìjọ? Ọgbà ìtura tó ní pèpéle? Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní dùùrù ńlá elépàìpù yẹ kó wà lórí ìwé yín láìka ẹ̀sìn tí ẹ ń ṣe sí, nítorí dùùrù yẹn kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò lọ bá a.

Bí yunifásítì bá wà nílùú yín, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ orin, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣeré níwájú èrò kó tó lè gboyè. Eré yẹn sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, àga ibẹ̀ a sì ṣófo, torí pé ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Mo ti gbọ́ fáyólìn ní irú ibẹ̀ rí tí mi ò lè mí títí orin náà fi parí. Èèyàn mẹ́tàdínlógún péré la jókòó, mo kà wá.

Ní báyìí, ẹ ṣí ímeèlì tuntun kan tí ẹ ó máa lò fún èyí nìkan, kí ìpolówó má baà bo lẹ́tà tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́tà ìròyìn gbogbo ibi tó wà lórí ìwé yín. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kà wọ́n, kí ẹ gbé èyí tó bá wù yín sínú kàlẹ́ńdà. Ó tán.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí: ẹ wá onílù kan, kí ẹ máa tẹ̀lé e. Onígìtá pọ̀, akọrin kò lóǹkà, ṣùgbọ́n onílù tó dáńtọ́ kì í pọ̀ nínú ìlú alábọ́dé. Ẹnì kan náà ló máa ń lu jáàsì lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí yóò lu fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì lọ́jọ́ Ẹtì, tí yóò tún wà nínú kòtò olórin níwájú ìtàgé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe eré olórin. Bí ẹ bá mọ ibi tó ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, ìdajì orin ìlú ti wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ìpolówó tìfura-tìfura

Aago tí wọ́n kọ lè jẹ́ aago tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó sì lè jẹ́ aago tí eré bẹ̀rẹ̀. Níbi orin ìgbàlódé, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàárín méjèèjì, olórin kékeré kan á sì kọ́kọ́ jáde kí ẹni tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá tó dé. Níbi ọ́pẹ́rà tàbí eré orí ìtàgé, aago tí wọ́n kọ gan-an ni aṣọ ìtàgé máa ṣí, ilẹ̀kùn a sì tì mọ́ ẹni tó bá pẹ́.

Ẹ wò ó bóyá ìdúró ni àbí ìjókòó. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé wákàtí mẹ́ta ni òun máa fi dúró.

Ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa fún àwọn afarawé olórin. Wọ́n pọ̀ nínú ìlú alábọ́dé torí pé owó tí wọ́n ń gbà kò tó ti olórin gidi, orúkọ ńlá yẹn sì máa ń fa èrò. Orúkọ gbajúmọ̀ á wà lókè gàdàgbà-gadagba, àwòrán tó jọ tirẹ̀ á wà láàárín, nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á wá fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ ọ́ pé àwọn kan ni wọ́n fẹ́ kọ orin rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tàn tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́, òmíràn nínú wọn sì dùn gan-an. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Bí eré bá máa wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lè jẹ́ alẹ́ ìdánwò, tí olùdarí ṣì ń tún eré ṣe. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábà máa ń dín díẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti wo eré kan lálẹ́ ìdánwò, mo tún padà lọ wò ó ní òpin rẹ̀, wọ́n ti gé odindi ìran kan kúrò, ìran tí mo fẹ́ràn jù sì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì níbi tó yẹ, nígbà tó yẹ

Bí ẹ bá wá orúkọ eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó jáde lókè pátápátá lè jẹ́ ti àwọn alárọ́bọ̀ tó sanwó kí tiwọn lè ṣáájú. Wọ́n á fi owó gọbọi lé e, nígbà mìíràn wọn kò tiẹ̀ tíì ní tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́. Ojú òpó gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tẹ ibi ìrà tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kó gbé yín lọ síbi tó bá fẹ́. Bí ilé náà bá ní fèrèsé ìtajà, ẹ bi wọ́n bóyá owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Ní ibi púpọ̀, kò sí.

Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì rí. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí polówó pé ara òun kò yá, òun fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì òun ní iye tí òun rà á. Mo sanwó, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ó tiẹ̀ kí mi pé kí n gbádùn eré náà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ pariwo, ó ní ẹnì kan ti fi nọ́ńbà yẹn wọlé. Àwa mẹ́rin la jọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lálẹ́ ọjọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló wà lọ́wọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ èèyàn, àyàfi tí ilé ìtàgé bá ní ọ̀nà tí orúkọ fi ń kúrò lórí ẹni kan bọ́ sórí ẹlòmíràn.

Ìgbà tó yẹ láti rà á yàtọ̀ síra. Àlejò tó máa lo alẹ́ kan ṣoṣo, ẹ tètè rà á. Eré àwọn òṣèré ìlú fúnra wọn tó máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ni àga ṣì ń ṣófo. Tó bá dára, ọ̀rọ̀ á tàn kálẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn á kún fọ́fọ́, àwọn tó ń sọ pé "a ṣì máa lọ" á sì wà níta. Ẹ bèèrè fún ẹ̀dínwó akẹ́kọ̀ọ́, ti àgbàlagbà, ti tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí tó kẹ́yìn, àti ti alẹ́ tí oníkálukú ń san iye tágbára rẹ̀ bá ká. Wọn kì í pariwo rẹ̀.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ńkọ́? Wọ́n á sọ fún yín pé ó dín owó kù, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má rà á. Ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ràn, ẹ kàn máa wá fi agbára jókòó ti eré tí kò wù yín torí pé owó ti lọ.

Ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó dájú ni kí ẹ di ẹni tó ń tọ́ èrò sí àga wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìtàgé ni ó ń lo àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni fún èyí: ẹ ó ya tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó fi àga han èèyàn, bí iná bá sì ti kú, ẹ jókòó sẹ́yìn kí ẹ máa wòran. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rí fún ọdún mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan àga bí eré bá ṣe rí

Níbí ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jà. Wọ́n rò pé àga tó sún mọ́ iwájú jù ló dára jù. Ó sinmi lórí irú ìtàgé àti irú eré.

Ìtàgé tó wọ́pọ̀ jù dà bí fèrèsé ńlá: èrò wà níwájú, òṣèré wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀, àárín ìlà karùn-ún sí ìkẹwàá ni mo máa ń wá. Ìlà àkọ́kọ́ máa ń fi etí ìtàgé bo ẹsẹ̀ òṣèré mọ́lẹ̀, ọrùn yín á sì máa ro yín. Irú kejì ni èyí tó na ahọ́n sáàárín èrò, tí àwọn èèyàn jókòó yí i ká ní ìhà mẹ́ta. Tyrone Guthrie, olùdarí eré, ló jà fún un ní Stratford ní 1953, tó sì tún gbé e lọ sí Minneapolis nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtàgé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1963. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ìyà, ẹ lè ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù láìsí ìbẹ̀rù. Níbi tí èrò bá sì ti yí ìtàgé ká pátápátá, òṣèré á kẹ́yìn sí yín nígbà kan, bó ti wù kí àga yín dára tó.

Tó bá jẹ́ ijó, ẹ gun òkè. Láti ìsàlẹ̀, ara oníjó kan ń bo ara òmíràn. Láti òkè, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń to ara wọn sórí ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣí, bí wọ́n ṣe ń pa dé. Ẹni tó to ijó náà ti fi ọkàn ro àwòrán yẹn, àwọn tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ kò sì ní í rí i láé.

Tó bá jẹ́ ọ́kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá, tí kò lo máíkì, àga iwájú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú gbọ̀ngàn dára gan-an, torí pé ohùn fáyólìn, fèrè àti ìlù á ti pò pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ibi tí kò dára ni abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí àjà ti rọ̀ sílẹ̀ tó sì gé ohùn kúrú. Gbọ̀ngàn ọ́kẹ́sírà máa ń nílò kí ohùn máa dún nínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó pòórá. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò fẹ́ ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbólóhùn á máa gun ara wọn lórí. Ìdí nìyí tí eré aláwàdà nínú gbọ̀ngàn orin ńlá fi máa ń dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Wallace Sabine, onímọ̀ físíìsì kan, wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ní yunifásítì Harvard. Tìmùtìmù àga ló ń kó láti gbọ̀ngàn kan lọ sí òmíràn lóru, tó ń fi etí àti ẹ̀rọ wọn bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó. Ohun tó rí níbẹ̀ ni wọ́n lò fún gbọ̀ngàn orin Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900. Ara èèyàn náà ń gba ohùn mu bíi tìmùtìmù, nítorí náà gbọ̀ngàn tó ṣófo àti gbọ̀ngàn tó kún kì í dún bákan náà.

Nínú àwọn gbọ̀ngàn kan, irú Philharmonie tí wọ́n ṣí ní Berlin ní 1963, àga wà lẹ́yìn àwọn olórin. Ẹ ó máa wo ojú olùdarí orin bó ṣe ń fi ojú bẹ̀ wọ́n, tó ń fi ojú bá wọn wí. Mo gba yín níyànjú kí ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi tí akọrin bá wà lórí ètò, nítorí iwájú ni ohùn èèyàn ń lọ, ẹ̀yìn orí akọrin kò ní orin kankan.

Fún orin tó ń lo ẹ̀rọ, ẹ dúró nítòsí tábìlì ẹni tó ń ṣètò ohùn. Etí tirẹ̀ ló fi ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ibi tó bá wà ni orin ti pé jù. Fún aláwàdà, ẹ̀yin lẹ mọ ara yín. Ẹni tó bá jókòó síwájú ti yọ̀ǹda kí wọ́n fi aṣọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ọ́pẹ́rà, ẹ bèèrè bóyá a lè rí pátákó ọ̀rọ̀ láti àga náà. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ọ́pẹ́rà Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin sókè ìtàgé ní Toronto ní 1983, ó ti tàn ká ayé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè má rí i rárá.

Kí ẹ sì bèèrè nípa òpó. Ilé àtijọ́ máa ń ní òpó. Mo ti fi odindi eré kan wo ìdajì òṣèrébìnrin kan, èyí tó wà ní apá òsì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ eré

Ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ pa fóònù, kí ẹ má kàn pa ohùn rẹ̀ nìkan, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn ń hàn sí ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà lẹ́yìn yín.

Ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ máa ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ọ́kẹ́sírà lẹ́rù. Orin kan lè ní apá mẹ́rin, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kì í pàtẹ́wọ́ láàárín wọn. Ẹ wo ọwọ́ olùdarí: bó bá ṣì nà án, orin kò tíì tán. Bí ẹ bá wá ṣèèṣì pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ kò ya. Ní 1778, Mozart, gbajúmọ̀ olórin ayé àtijọ́, kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Paris pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ láàárín orin òun, inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ ṣe fàájì lẹ́yìn eré. Òfin dákẹ́-jẹ́ẹ́ yìí kò tíì sí nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ etí ni mi ò fẹ́ kí ẹ fojú kéré. Ìwọ̀n ariwo 85 dB (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn ohùn) ni wọ́n gbà pé etí lè fara dà fún wákàtí mẹ́jọ. Bó bá ti fi 3 dB lé, àkókò náà dín sí ìdajì, èyí tó túmọ̀ sí pé ní 100 dB, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé eré pé kí ìpíndọ́gba ariwo wọn má ju 100 dB lọ, orin orí ẹ̀rọ sì ń dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ ra ohun tí àwọn olórin fi ń dí etí, èyí tó ń dín ohùn kù láìba orin jẹ́, kí ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Etí tó ń hó lẹ́yìn eré kò hó fún ayọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Àwòrán àti ère

Ilé àwòrán tó ń tajà kì í gba owó ìwọlé, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ rò pé àfi kí òun ra nǹkan. Alẹ́ tí wọ́n bá ń ṣí ìpàtẹ tuntun ni kí ẹ lọ tí ẹ bá fẹ́ bá ayàwòrán sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rí àwòrán, ẹ padà wá ní ọjọ́ mìíràn, torí pé ẹ̀yìn èèyàn nìkan lẹ máa rí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀. Ẹ rìn yí yàrá náà ká kíákíá, kí ẹ mú mẹ́ta tó bá dá yín dúró, kí ẹ wá lo ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún níwájú wọn kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, ohun tó ní kí ẹ rí nìkan lẹ máa rí. Nínú ìlú alábọ́dé, àwọn ayàwòrán kan máa ń ṣí yàrá iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún èèyàn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún. Ìyẹn dára ju ilé àwòrán lọ lójú tèmi, torí ẹ ó rí èyí tó bàjẹ́, èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní ìdajì, àti ọ̀dà tó kán sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ẹ bá mú ọmọdé tàbí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ dání

Ẹ pe ilé ìtàgé kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣe eré ìtura, tí wọn kì í pa iná tán, tí ohùn kì í sì í ga jù, tí ẹnikẹ́ni sì lè dìde kó jáde kó tún wọlé. Àwọn ọmọ tí ariwo ń dà láàmú ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bèèrè alẹ́ tí ẹni tó ń sọ èdè àwọn adití máa wà lórí ìtàgé, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ jókòó síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì etí tó ní lẹ́tà T lára túmọ̀ sí pé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè gba ohùn eré tààrà sínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Lẹ́yìn eré

Nínú ìlú ńlá, ìrísí lásán ni òṣèré. Nínú ìlú alábọ́dé, ẹ lè bá a níbi tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ ń dúró de ọkọ̀. Ẹ lo àǹfààní yẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn òṣèré máa jókòó dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn eré, ẹ dúró, kódà bí oorun bá ń kùn yín. Ẹ má bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń há ọ̀rọ̀ sórí, gbogbo èèyàn ló ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa ohun kan pàtó tí ẹ rí. Mo bi òṣèré kan rí pé kí ló dé tó fi mú fìlà rẹ̀ sílẹ̀ sórí àga nínú ìran kejì. Ó ní òun gbàgbé ni, alẹ́ kejì sì rèé tí òun fi í síbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀.

Ẹ fi orúkọ àwọn tó wù yín sínú kàlẹ́ńdà, kì í ṣe orúkọ eré nìkan: ẹni tó ṣètò iná, ẹni tó rán aṣọ. Wọ́n á tún ṣiṣẹ́ míì nílùú láìpẹ́. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àga yín sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì nípa rẹ̀. Ìwé tèmi ti di mẹ́ta báyìí, ìlà àkọ́kọ́ nínú èyí àkọ́kọ́ kà báyìí: "F12. Òpó."